Ta Ló Gba Ipò Kẹrin Lọ́wọ́ Eleuterio?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Prudencia tó ń dín àkàrà àgbàdo ẹlẹ́yin ní èbúté ṣì wà láàyè. Fadá Anselmo ṣì wà láàyè, ẹni tó jẹ́ pé bó bá ń wàásù, ajá tó sùn sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì á tún oorun mìíràn bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Ballesta méjèèjì ṣì wà, odò Sinú kò tíì gbé ẹ̀gbọ́n lọ. Eleuterio Talaigua tó ń hun akẹtẹ̀ ṣì wà. Ubaldina Berrocal náà ṣì wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì máa wú, ahọ́n rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń ya esùsú lọ.

Ubaldina yìí ni ìnspẹ́kítọ̀ ìlú San Roque del Caño, ẹni tí wọ́n ń kó ẹ̀sùn lọ bá. Kò kàwé lọ títí. Ogún ọdún ló fi jókòó sẹ́yìn fèrèsé ní ilé iṣẹ́ tẹligíráàmù, tó ń ka ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn fi ń purọ́ fún ara wọn, kí ìjọba tó ti ilé iṣẹ́ náà pa, tí wọ́n wá fún un ní káàdì ìnspẹ́kítọ̀ kan àti tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan rọ. Ó ní iṣẹ́ kan náà ni. O jókòó, àwọn èèyàn wá purọ́, o kà á.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ó ń fi wàrà kíkan jẹ iṣu nígbà tí Eleuterio fi ọ̀pá wá ọ̀nà wọlé, tó kọjú sí kọ́bọ́ọ̀dù, tó sì ṣí akẹtẹ̀ fún un.

"Ẹ káàárọ̀, Niña Ubaldina." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe gbogbo obìnrin tó bá ti níyì níbẹ̀, ì báà jẹ́ ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún.

"Kọ́bọ́ọ̀dù lẹ ń kí, bàbá. Èmi rèé lápá òsì yín. Ẹ jókòó, ẹ sọ ohun tó dé."

"Wọ́n ti lẹ ìwé orúkọ iṣẹ́ abẹ ojú mọ́ ilẹ̀kùn mẹ́yọ̀. Èèyàn mẹ́ta ni mo ní kó kà á fún mi, torí ẹnì kan lè máa fi mí ṣeré. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò rí mi níbẹ̀."

"Nọ́ńbà wo lẹ mú tẹ́lẹ̀?"

"Ẹkẹrin. Damaris ọ́fíìsì mẹ́yọ̀ ló bá mi tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Ó kà á sí mi létí lẹ́ẹ̀mejì."

"Ta ló wá wà ní ipò kẹrin báyìí?"

Bàbá náà yí akẹtẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. "Wọ́n ní Griselda Mestra ni."

Ubaldina gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó ti yó.

Ọ̀rọ̀ náà kò le láti mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni àwọn dókítà ojú máa ń ti Medellín wá, tí wọ́n á fi ilé ìwé ṣe ibi iṣẹ́ abẹ. Ọgọ́ta èèyàn ni agbára wọn ká. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé kò ní kọjá ẹnu géètì. Awọ funfun ti bo ojú Eleuterio méjèèjì. Ti òsì ti lọ pátápátá. Ti ọ̀tún ṣì ń rí òjìji, ṣùgbọ́n dókítà tó wò ó lọ́dún tó kọjá ti sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé bí ọdún mìíràn bá gorí ẹ̀, ọ̀bẹ kankan kò ní rí nǹkan ṣe sí i mọ́. Ojú kan ló kù fún ọkùnrin náà láyé, ọjọ́ mẹ́ta ló sì kù kí ojú náà pa dé.

Ubaldina mú un lọ́wọ́, ó di ọ́fíìsì mẹ́yọ̀.

*

Fulgencio Arrázola, akọ̀wé àgbà ìlú, ló pàdé wọn. Gbogbo ìlú ń pe Fulgencio ní dókítà, nítorí pé ní etí odò yẹn, ẹni tó bá ti so táì mọ́rùn nínú ooru bẹ́ẹ̀, dókítà ni, ì báà má wo ẹyẹlé kan sàn rí. Ikùn rẹ̀ máa ń dé ibi gbogbo ṣáájú rẹ̀. Griselda Mestra sì ni ìyá ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àṣírí.

"Mo mọ ohun tẹ́ ẹ bá wá," ni Fulgencio wí, kò tilẹ̀ ní kí bàbá afọ́jú jókòó. "Nítorí pé àna mi ni, ẹ máa ní èmi ni. Niña Ubaldina, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ mí. Èmi tí mi ò lè tan fáànù láìpe èèyàn. Gbogbo lẹ́tà mi, ẹnu ni mo fi ń sọ ọ́, ẹlòmíràn ló ń tẹ̀ ẹ́. Ṣé èmi ni mo máa wọnú kọ̀ǹpútà?"

"Mi ò tíì sọ pé ìwọ ni. Orúkọ bàbá yìí ni kó o dá padà."

"Mẹ́yọ̀ ti sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ̀rọ bá kọ lòfin. Bí a bá fọwọ́ yí orúkọ kan, ọ̀la gbogbo ìlú á wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yìí. Ẹ mú olè wá, ẹ mú ẹ̀rí wá, a ó yí i. Olè ọ̀hún ò sì jìnnà. Damaris nìkan ló ń jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹn. A ti ní kó lọ máa jókòó sílé ná."

"Kíákíá báyìí?"

"Ìwà mímọ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni," ni Fulgencio wí.

Ubaldina wò ó láti orí táì dé bàtà. Ó ti ka irú gbólóhùn yẹn rí nínú tẹligíráàmù. Àwọn ọkùnrin tó ń sá fún ìyàwó ló máa ń kọ ọ́.

*

Damaris Hoyos jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ilé ìyá rẹ̀, ojú rẹ̀ wú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Òun ló ń ran àwọn tí kò mọ̀wé lọ́wọ́ láti fi orúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì tuntun tí ìlú ṣe.

"Ṣé ìwọ lo jí i?" ni Ubaldina bi í, kò kí i.

"Rárá, mà."

"Ta lo rò pé ó jí i?"

"Mi ò mọ̀, mà. Yamid ní èmi àti òun nìkan la ní kọ́kọ́rọ́ inú ẹ̀rọ. Òun ò sì sí nílùú lọ́jọ́ tí nọ́ńbà yẹn yí padà."

"Ọjọ́ wo nìyẹn?"

"Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Keje."

Ubaldina gbé ojú sókè. "Ọjọ́ ọdún Wúńdíá Òkè Kámẹ́lì?"

"Ọjọ́ náà ni, mà. A ti ọ́fíìsì ní ọ̀sán gangan kí gbogbo èèyàn lè bá ère Wúńdíá lọ lórí odò. Èmi náà lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kẹta ni mo wà, láàárín àwọn tó ń kọrin, kò sẹ́ni tó wo ojú mi. Dókítà Fulgencio wà nínú ọkọ̀ Wúńdíá fúnra ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fadá. Gbogbo ayé rí i nígbà tí ọkọ̀ ṣí."

"Nígbà tí ọkọ̀ ṣí," ni Ubaldina tún un sọ. "Nígbà tó gúnlẹ̀ ńkọ́?"

Damaris ronú. "Ọkọ̀ máa ń yà ní èbúté ọjà láti gba òdòdó, mà. Àwọn kan máa ń bọ́ sílẹ̀, àwọn mìíràn á wọlé. Mi ò rántí."

"Ó dáa. Ṣíwọ́ ẹkún. Ẹni tó bá sunkún nílùú yìí, wọ́n á ní ó jẹ̀bi. Ẹni tí kò bá sunkún, wọ́n á ní ó láyà. Kúkú jẹun."

*

Yamid Sotomayor, ẹnjiníà tó kọ́ ìkànnì náà, ti Barranquilla wá. Ó gba ìwé ẹ̀rí méjì, ó sì fi àwọn méjèèjì kọ́ sára ògiri lókè orí ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni mímọ́. Ó ń bá Ubaldina sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí a ti ń bá ọmọdé tàbí òyìnbó sọ̀rọ̀.

"Ìyá, ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ díẹ̀. Inú ẹ̀rọ ní yàrá kan. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà. Ẹni tó bá yí orúkọ padà, inú yàrá yẹn ló gbà wọlé. Ó sì wá láti kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì Damaris, mo ti rí ìyẹn nínú ìwé ìrántí ẹ̀rọ."

"O rí i pé ó wọ yàrá náà?"

"Mo rí i pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. Ṣé ẹnikẹ́ni ṣí ilẹ̀kùn yàrá yẹn lọ́jọ́ Wúńdíá?"

Yamid yí sí ẹ̀rọ rẹ̀, ó tẹ̀, ó wò, ó tún tẹ̀.

"Rárá," ló wí nígbẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Kò sẹ́ni tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé nìyẹn. O fi ẹ̀sùn kan ọmọlọ́mọ láìwo ojú ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ ní ìyẹn nílé ìwé méjèèjì, àbí ọ̀kan péré?"

Ó ránṣẹ́ pe Damaris. Ó ní kó fi orúkọ òun, Ubaldina Berrocal, sílẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe fún gbogbo èèyàn, ó sì fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Damaris tẹ orúkọ àti nọ́ńbà káàdì rẹ̀ sójú-ewé àkọ́kọ́, ó tẹ bọ́tìnnì. Ojú-ewé àkọ́kọ́ parẹ́, òmíràn yọ: *Ubaldina Berrocal, nọ́ńbà yín ni 301. Ẹ tẹ ibí láti fọwọ́ sí i.*

"Dúró," ni Ubaldina wí. "Ojú-ewé méjì nìyẹn?"

"Méjì ni, mà. Àkọ́kọ́ ló ń ṣírò nọ́ńbà. Tó bá ti ṣe é tán, á darí wa sí èkejì. Èkejì ló ń kọ ọ́ sínú ìwé orúkọ."

"Báwo ni èkejì ṣe mọ̀ pé 301 ni mí? Ta ló sọ fún un?"

Yamid ló dáhùn. "Ó ń lọ fúnra rẹ̀, Ìyá."

"Ọmọ mi, ogún ọdún ni mo fi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kankan ò lọ fúnra rẹ̀ rí. Ta ló gbé e?"

Yamid fọwọ́ pa imú. "Ojú-ewé méjèèjì kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Àkọ́kọ́ á sọ fún kọ̀ǹpútà ẹni tó jókòó pé, 'Gba nọ́ńbà yìí, gbé e lọ sí ojú-ewé kejì.' Kọ̀ǹpútà á wá kọ ọ́ sí ìdí àdírẹ́sì tó wà lókè yìí, á sì gbé e lọ. Ìṣẹ́jú àáyá kan ni."

Ubaldina fi ojú wá òkè. Àdírẹ́sì gígùn kan wà níbẹ̀, ó ń wọ́ lọ bí ìrù aláǹgbá. Ní ìparí ìrù náà, ní gbangba, láìbo ara, ni *301* jókòó sí.

Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín tó dùn ún gbọ́.

"Ẹni tó ń bọ̀ wá gba nǹkan lo fún ní lẹ́tà tó sọ ohun tí wọ́n máa fún un. O ò lẹ̀ ẹ́. O ò tẹ òǹtẹ̀ lù ú. O wá ní kó máa gbé e lọ."

"Kò sẹ́ni tó ń wo òkè yẹn, Ìyá."

Ubaldina na ìka kan. Ìka ọ̀hún nípọn, èékánná rẹ̀ ti ya. Ó pa 301 rẹ́, ó kọ 1, ó sì tẹ bọ́tìnnì ńlá tí Damaris fi hàn án. Ojú-ewé kejì yọ bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn: *Ubaldina Berrocal, nọ́ńbà yín ni 1. Ẹ tẹ ibí láti fọwọ́ sí i.* Ó tẹ̀ ẹ́. *Ẹ kú oríire.*



"Ta ló wà nípò kìíní tẹ́lẹ̀?" ni Ubaldina bèèrè.

"Àǹtí mẹ́yọ̀, mà," ni Damaris wí lábẹ́ ohùn.

"Ẹnjiníà, bá mi dá àǹtí mẹ́yọ̀ padà síbẹ̀ kíákíá, kó má baà kú. Tó o bá ṣe tán, tẹ ìwé ìrántí ẹ̀rọ ti ọjọ́ Wúńdíá jáde fún mi. Gbogbo ìlà ẹ̀."

Yamid tẹ̀ ẹ́ jáde. Ubaldina fi ìka tẹ̀lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógójì, ojú-ewé àkọ́kọ́ fún Griselda Mestra ní 212, ó darí rẹ̀ sí èkejì. Ní ìṣẹ́jú kan náà, èkejì gba 212. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì, èkejì tún gba Griselda Mestra, ó dé pẹ̀lú 4.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló lọ sí fèrèsé àkọ́kọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan," ni Damaris wí.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló dé fèrèsé kejì?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Lẹ́tà kan ló jáde, lẹ́tà méjì ló dé. Ọ̀kan nínú wọn, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti bí i." Ó ká ìwé náà. "Nígbà tí a ní fèrèsé méjì gidi nínú ọ́fíìsì yẹn, fèrèsé kìíní á kọ nọ́ńbà rẹ sórí pépà, á tẹ òǹtẹ̀ gba orí nọ́ńbà náà kọjá, ìwọ á gbé e lọ sí fèrèsé kejì. Ọkùnrin kan gbìyànjú láti pa mẹ́jọ tó wà nínú 18 rẹ́. Òǹtẹ̀ ya pẹ̀lú ẹ̀, wọ́n mú un kó tó dé fèrèsé. Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé fèrèsé méjèèjì wá sínú ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ wá fi òǹtẹ̀ sílẹ̀?"

"Òǹtẹ̀ ti di nǹkan àtijọ́," ni Yamid wí, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀.

"Ojú Eleuterio náà fẹ́ di nǹkan àtijọ́. Jẹ́ kí nọ́ńbà dúró sínú ẹ̀rọ, kí ojú-ewé kejì lọ wá a níbẹ̀ fúnra ẹ̀, kó má tọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá. Ìyẹn le ju ìwé ẹ̀rí méjì lọ?"

*

Damaris rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí. Ọ̀nà tí olè gbà ti hàn, olè kò tíì hàn. Ẹnikẹ́ni tó bá rí kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà Damaris, Damaris alára sì wà nínú wọn. Bí Ubaldina bá gbé ìyẹn lọ bá mẹ́yọ̀, Fulgencio á ní, "Ẹ ò rí i, Damaris náà ni."

Nítorí náà, ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó lọ kí Griselda Mestra.

Ìyá náà gbà á ní yàrá àlejò, ó fún un ní omi èso kíkan kan tó jẹ́ pé ṣúgà ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó ní màlúù, ó ní ilẹ̀, ó ní ìgbéraga tí kò ṣeé wọ̀n. Ojú rẹ̀ kò sì fọ́. Bí Ubaldina ti wọlé, ìyá náà ti rí i láti ọ̀ọ́kán pé bọ́tìnnì kan já lára aṣọ àlejò rẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ ń wá olè," ni Griselda wí. "Nítorí ọkùnrin tó ń hun akẹtẹ̀. Ṣé akẹtẹ̀ ọ̀hún ò ṣeé fi ọwọ́ hun ni? Ọwọ́ kọ́ ni wọ́n fi ń hun ún?"

"Wọ́n ń fi ojú ka okùn rẹ̀, ìyá. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ fẹ́ fi ojú tiyín ṣe?"

"Òkùnkùn díẹ̀ máa ń wà nínú tẹlifísọ̀n mi."

Ubaldina mu nínú omi èso náà. Ó nílò rẹ̀ kó má baà sọ̀rọ̀.

"Báwo lẹ ṣe gba nọ́ńbà?"

"Ẹ̀rọ ló fún mi. Mo níwèé ẹ̀. Ìwé tèmi kì í ṣe irú pépà ìnudí tí àwọn ara èbúté ń gbé kiri." Ó nawọ́ sí ògiri. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Ọkàn Mímọ́, nínú férémù oníwúrà, ìwé nọ́ńbà kẹrin wà níbẹ̀. Òǹtẹ̀ aláwọ̀ elésè-àlùkò gbòòrò kan sì wà láàárín rẹ̀.

Ubaldina dìde. Ó sún mọ́ ọn bí ẹni tó ń lọ gbàdúrà. Ní ìsàlẹ̀ pépà, ní lẹ́tà kéékèèké, ẹ̀rọ ti tẹ àdírẹ́sì gígùn yẹn, 4 wà nídìí rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí: aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì, ọ̀sán. Lórí òǹtẹ̀: *Ọ́fíìsì Akọ̀wé Àgbà, 16 oṣù Keje.*

"Ó mà rẹwà o," ni Ubaldina wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi wò di ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ kí mẹ́yọ̀ rí bí ìwé ṣe ń jẹ́ ìwé."

Griselda fúnra rẹ̀ ló gbé e sọ̀kalẹ̀ fún un.

*

Mẹ́yọ̀ jókòó, fáànù ń fẹ́ irun orí rẹ̀ sápá kan. Fulgencio dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yamid àti Damaris wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ubaldina gbé férémù náà lé tábìlì, ó dojú rẹ̀ dé.

"Dókítà," ló pe Fulgencio, "lọ́sàn-án ọjọ́ Wúńdíá, níbo lo wà?"

"Nínú ọkọ̀ Wúńdíá. Ìlú ló jẹ́rìí."

"Títí dé ìparí?"

"Títí dé ìparí."

"Òǹtẹ̀ ọ́fíìsì rẹ, ta ló ń lò ó?"

"Èmi nìkan. Kọ́kọ́rọ́ dúróà rẹ̀ ló wà lọ́rùn mi yìí, pẹ̀lú ẹ̀gbà Wúńdíá. Ọdún mọ́kànlélógún, n kò fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí." Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga, ó sì fa ẹ̀gbà náà yọ kí wọ́n rí i.

"O kì í yá ẹnikẹ́ni?"

"Kí n kúkú yá èèyàn ní eyín mi."

Ubaldina yí férémù padà.

Fulgencio wò ó. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Mo tẹ òǹtẹ̀ lù ú fún ìyá ìyàwó mi," ló wí. "Kí ló burú ńbẹ̀? Ó gbé e wá bá mi, mo tẹ̀ ẹ́. Kò gbẹ́kẹ̀ lé pépà tí kò lóǹtẹ̀. Èmi náà ò gbẹ́kẹ̀ lé e."

"Mo mọ̀. Olè mìíràn ì bá ti fi pépà náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, n kò ní mọ ẹni tí mo máa dì mú. Ìwọ jí nǹkan tán, ọkàn rẹ ò balẹ̀ àfìgbà tó o fi òǹtẹ̀ ìjọba lù ú. Mẹ́yọ̀, ẹ ka ìsàlẹ̀ pépà. Aago mélòó ni ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ jáde?"

Mẹ́yọ̀ wọ gíláàsì. "Mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì."

"A kì í tẹ òǹtẹ̀ lu pépà tí wọn ò tíì bí. Òǹtẹ̀ sì sọ pé ọjọ́ kẹrìndínlógún. Láàárín aago mẹ́ta kọjá àti ilẹ̀ ṣíṣú ọjọ́ yẹn, nínú ọ́fíìsì tí wọ́n ti tì láti ọ̀sán, ọwọ́ rẹ wà nínú dúróà. Ọkọ̀ Wúńdíá gba inú dúróà kọjá ni?"

"Mo lè ti tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì, kí n gbàgbé láti yí ọjọ́."

"Damaris, lọ gbé ìwé mìíràn tó tẹ òǹtẹ̀ lù lọ́jọ́ kẹtàdínlógún wá."

"Kò pọn dandan," ni Fulgencio wí kíákíá. Gbogbo wọn gbọ́ bó ṣe yá tó.

"N kò lè lo kọ̀ǹpútà," ló tún wí. "Ẹ sọ fún wọn, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀."

"O bọ́ sílẹ̀ ní èbúté ọjà nígbà tí wọ́n ń gba òdòdó, o wọ ọ́fíìsì, orúkọ àti nọ́ńbà káàdì ìyá ìyàwó rẹ lo tẹ̀. Ó gbà ọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta láti rí ìyókù. Lẹ́yìn náà, ìka kan lo fi yí 212 padà sí 4. Adìẹ náà ní ìka. Ìwọ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yọ ṣùtì sí, ìwọ lo rí ohun tí olóyè ìwé ẹ̀rí méjì yìí ò rí, torí gbogbo ayé rẹ lo fi gbé pépà láti fèrèsé dé fèrèsé. O wo òkè, o rí nọ́ńbà tó jókòó láìní òǹtẹ̀. Ọwọ́ yún ọ."

Fulgencio jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Ó tú táì.

"Oṣù mẹ́ta," ló wí. "Oṣù mẹ́ta ni ìyá ìyàwó mi kò fi jẹ́ kí n sùn nínú ilé ara mi. 'Gbogbo agbára tó o ní nìyẹn, àna?' Láàárọ̀, lálẹ́. Mo kàn ní kí n wò ó bóyá á yí. Ó yí. N kò tiẹ̀ wo ẹni tó wà níbẹ̀."

"Irọ́ nìyẹn, òun ló sì dùn mí jù," ni Ubaldina wí. Kò gbé ohùn sókè. "Orí tábìlì rẹ ni ìwé orúkọ máa ń wà. Nọ́ńbà kìíní, àǹtí mẹ́yọ̀. Èkejì, Fadá Anselmo. Ẹkẹta, bàbá sájẹ́ǹtì. O fò wọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹkẹrin ni ẹni àkọ́kọ́ tí kò sẹ́ni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. O wo ìlà náà dáadáa kó o tó yan afọ́jú. Ìwọ tó o so táì. Ẹni tó gbé adìẹ òtòṣì, Fulgencio, ti aláròyé ló gbé. Ó dé ọ̀dọ̀ mi kí n tó jẹun tán."

Mẹ́yọ̀ bọ́ gíláàsì. Ó wo Fulgencio, ó wo férémù, ó wá wo Yamid gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wá ẹni tí ọ̀rọ̀ náà á kéré lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bóyá a lè fi Eleuterio sí ọdún tó ń bọ̀," ló wí, "kí ìlú má dàrú."

"Bóyá kí n ka ìwé yìí ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi," ni Ubaldina wí. "Ohùn mi ṣì dáa. Fadá á fún mi láyè, ìwàásù tirẹ̀ á dúró ná lọ́jọ́ yẹn."

Mẹ́yọ̀ mú bírò.

*

Aago méje ku ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́jọ́ Ẹtì, Damaris di Eleuterio lọ́wọ́ mú kọjá géètì ilé ìwé. Ojú ọ̀tún nìkan ni wọ́n rí ṣe. Griselda ránṣẹ́ béèrè férémù rẹ̀. Ubaldina dá férémù padà, ó mú ìwé inú rẹ̀. Yamid tún ìkànnì náà kọ, ó sì lọ sọ fún àwọn ìlú mìíràn pé òun ló ronú rẹ̀. Fulgencio kò rí ẹ̀wọ̀n. Ní ilẹ̀ yẹn, ẹni tó bá so táì kì í rí i. Wọ́n gbé e lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n fún un ní tábìlì tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n sì ń pè é ní dókítà níbẹ̀ náà.

Ọdún méje ni Eleuterio fi ojú kan ṣoṣo yẹn hun akẹtẹ̀. Irú èyí tó jẹ́ pé okùn mọ́kànlélógún ló ń wọnú ara wọn, tó rọ̀ débi pé o lè ká a sínú àpò. Àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá rà á. Bó bá rí i pé orí ẹni náà kò yẹ akẹtẹ̀ òun, kì í tà á.

Ọjọ́ Sátidé kan ni, ní oṣù Kẹjọ ọdún keje ọ̀hún. Ó jókòó síwájú ilé, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán bọ́ sí i lẹ́yìn. Nicolasa, ìyàwó rẹ̀, gbọ́ tó ń bú ara rẹ̀ láti inú ilé. Ó jáde, ó bi í kí ló dé. Eleuterio ní okùn funfun kan ti lọ síbi tó yẹ kí dúdú wà, nínú ìlà kẹta, àṣìṣe tí ọmọ ọdún mẹ́wàá ò ní ṣe. Nicolasa tẹ̀ba, ó wò ó, kò rí nǹkan kan. Ó ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Eleuterio wò ó bí ẹni tó sọ̀rọ̀ àìmọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìlà náà.

Nicolasa padà lọ gbé kọfí. Nígbà tó máa fi jáde, ìlà kẹta ti pé, dúdú wà níbi tí dúdú yẹ kó wà, Eleuterio sì ti kú.